Ta Ló Ń Ṣọ́ Yín Nígbà Tí Ẹ Ń Ki Ìbọn?

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará wa n'Ílẹ́ṣà. Ṣé a jí ire?

Kíkà: Nehemáyà 4:16–21

Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà tí wọ́n gbé lọ sógun Kírìjì, ogun tí àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti àwọn alájọṣe wọn, bá Ìbàdàn jà. Ọmọ ogun á da ẹ̀tù sí i lẹ́nu, á fi ọ̀pá gún un kó le, á ju ọta sí i, á tún bu ẹ̀tù díẹ̀ sí ibi tí iná yóò ti mú un. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, ìbọn lè bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bí òjò bá kàn án, kò ní í dún. Gbogbo bó ṣe ń ṣe èyí, ìdúró ló wà, ojú ọ̀tá sì tó o.

Nítorí náà, balógun tó bá ní kí gbogbo èèyàn yìnbọn lẹ́ẹ̀kan náà ti fi wọ́n fún ọ̀tá. Àwọn kan ní láti máa yìn, kí àwọn kan máa ki.

Àkókò eléwu yìí gan-an ni ìbọn ìgbàlódé tí wọ́n ń ki láti ìdí gé kúrú, èyí tí àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó fi ránṣẹ́ sí Ògèdèǹgbé, olórí ogun wọn, àti àwọn Èkìtìparapọ̀. Ẹni tó dùbúlẹ̀ lè ki í. Jagunjagun paraku ni àwọn ará Ìbàdàn, àmọ́ ìgboyà nìkan kò lè dí àlàfo yẹn.

Nehemáyà mọ̀ ọ́n: ìdajì ń mọ odi, ìdajì di ọ̀kọ̀ mú, láti òwúrọ̀ títí ìràwọ̀ fi yọ. Afunpè dúró tì í, nítorí àwọn òṣìṣẹ́ jìnnà síra lórí odi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń darí ilé, ẹgbẹ́ tàbí ìsọ̀ l'ọ́jà Atákúnmọ́sà, ìgbà tí owó ti tán tí ọjà tuntun ò tíì dé, tàbí tí àìsàn dá yín dùbúlẹ̀, ẹ ń ki ìbọn nìyẹn. Ta ló ń yìn? Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, ẹ fa kọ́kọ́rọ́ lé ẹnì kan lọ́wọ́, kí ẹ sì fi ìwé gbèsè hàn án. Lójú tèmi, olórí tó ń dá gbogbo rẹ̀ ṣe kì í ṣe akíkanjú; àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fi wewu.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà:

Olúwa, má jẹ́ kí ọ̀tá bá wa lójú ibi tí ọwọ́ wa ti dí. Àmín.

Ẹni tí yóò dúró fún wa lọ́jọ́ àárẹ̀, fi hàn wá lónìí. Àmín.

Má jẹ́ kí ẹ̀tù wa tutù lójú ogun, ní orúkọ Jésù. Àmín.