O. Henry: Odù Ló Ń Kó, Ojú Yín Ló Sì Ti Ń Kó O

Ẹ jọ̀ọ́, kí n tó sọ ohunkóhun, ẹ gba eléyìí lọ́wọ́ mi ná: O. Henry, òǹkọ̀wé ìtàn kúkúrú ará Amẹ́ríkà tí ìparí ìtàn rẹ̀ máa ń yani lẹ́nu, kì í fi nǹkan pa mọ́ fún òǹkàwé. KÌ Í FI NǸKAN PA MỌ́! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ̀tàn ti ń ṣìnà. Ẹ á kọ ìtàn dáadáa, ó wá ku ìpínrọ̀ kan, ẹ ní, "Àṣé ìbejì rẹ̀ ni wọ́n pa!" Ìbejì wo? Ìgbà wo lẹ dárúkọ rẹ̀ fún wa?

Bàbá kan máa ń ta ayò nírọ̀lẹ́ nítòsí ọjà ẹja Olúwo, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Ọmọ ayò 48 ló wà lójú ọpọ́n, kò sí èyí tí mi ò rí níbẹ̀. Bàbá á rọra máa kó odù, ìyẹn ọmọ ayò rẹpẹtẹ, jọ sílé kan. Mò ń wò ó o! Ìgbà tó bá bù ú, tọ́wọ́ rẹ̀ yí ọpọ́n ká, ó ti jẹ mí tán.

Ẹ wo "The Gift of the Magi", ìtàn tọkọtaya aláìní tí O. Henry kọ sínú ìwé ìròyìn New York World ní oṣù Kejìlá ọdún 1905. Ìyàwó ta irun orí rẹ̀ ní dọ́là 20 kó lè ra ṣéènì sí aago ọkọ. Ọkọ sì ti ta aago náà kó lè ra òòyà sí irun ìyàwó. Ó dùn yín, àbí? Ó yá, ẹ padà síbẹ̀rẹ̀. Obìnrin yẹn ò tíì jáde nílé tí òǹkọ̀wé ti sọ ọ́ gbangba pé nǹkan méjì ni wọ́n fi ń yangàn: irun ìyàwó, àti aago wúrà tí ọkọ jogún. Ó kó méjèèjì sójú kan náà. Odù nìyẹn!

Ìgbésí ayé rẹ̀ ńkọ́? William Sydney Porter lorúkọ rẹ̀ gan-an, North Carolina ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1862. Ó ṣiṣẹ́ apòògùn, ó ṣiṣẹ́ báńkì ní Texas. Wọ́n ní ó kówó báńkì jẹ, ló bá sá lọ sí Honduras lọ́dún 1896. Àmọ́ nígbà tó gbọ́ pé ikọ́ ife fẹ́ pa ìyàwó rẹ̀, ó padà wálé fúnra rẹ̀. Ó mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ń dúró de òun, ó sì padà! Mi ò lè sọ ọ́ kí ọkàn mi má gbọgbẹ́.

Ọgbà ẹ̀wọ̀n Ohio ló wà láti 1898 dé 1901, apòògùn òru ni wọ́n fi í ṣe níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń kọ̀tàn. Ọ̀rẹ́ kan ní New Orleans ló ń bá a fi ránṣẹ́, káwọn olóòtú má bàa mọ ibi tó ti wá. Margaret, ọmọ rẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n ní bàbá rẹ̀ bá lọ sọ́nà jíjìn. Lọ́dún 1902 ó dé New York, nígbà tó yá, ó ń kọ ìtàn kan lọ́sẹ̀ fún World. Ọdún 47 péré ló lò láyé.

Ó yá, ẹ ṣí ìtàn tọkọtaya yẹn. Ẹ fi ìka sí ibi tó ti kọ́kọ́ dárúkọ aago, kẹ́ ẹ ka iye ojú ìwé tó ṣẹ́ kù.