Wáàsí Ọjọ́ Jímọ̀: Kí A Tó Wọ Bàálù Lọ Sílé

Àsàlámù aléékùm wàráhmótúláhì wàbárákátù, ẹ̀yin ará wa nínú ẹ̀sìn, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Lárúbáwá bíi tèmi. Ẹ kú Jímọ̀ o.

Ooru ti dé sí Riyadh. Láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà títí di ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án, ìjọba Saudi kì í gbà kí wọ́n kó òṣìṣẹ́ sínú oòrùn láti aago 12 ọ̀sán sí aago 3. Àwọn ọmọ ń gba ìsinmi, oníkálukú ń tọrọ físà àlọ-àbọ̀, ọ̀rọ̀ ilé ló sì kù lẹ́nu gbogbo wa. Mo lè yà síbí kí n yà sọ́hùn-ún lónìí, ṣùgbọ́n ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́: ìjọsìn ni ìrìn àjò ilé yìí. Okùn ìbí tí a ń so pọ̀ ló ní láádá, ẹrù tí a dì kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìgbàgbọ́ yín ló kéré nítorí pé àárò ilé ń sọ yín ní orílẹ̀-èdè tí Káábà wà. Nígbà tí Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ń kúrò ní Mẹ́kà, ó sọ fún ìlú náà pé ìlú yẹn ló lóore jù nínú ilẹ̀ Ọlọ́hun, bí kò bá ṣe pé wọ́n lé òun jáde, òun kò ní jáde. Bilal, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, náà ńkọ́? Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀ ní Medina, ewì ló ń ké. Ó ń bèèrè bóyá òun á tún sùn lálẹ́ ọjọ́ kan ní àfonífojì Mẹ́kà, kí koríko ibẹ̀ yí òun ká. Koríko ni o! Kì í ṣe ilé, kì í ṣe owó. Nígbà tí Aishatu, ìyàwó Ànábì, ròyìn rẹ̀ fún un, àdúrà ló ṣe, pé kí Ọlọ́hun jẹ́ kí Medina dùn mọ́ wọn bí Mẹ́kà, tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn baba wa ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Bukhari àti Muslim tí wọ́n jẹ́ aṣàkójọ hádíìsì gbà wá náà sọ pé abala kan nínú ìyà ni ìrìn àjò, ó ń dí ènìyàn lọ́wọ́ oúnjẹ, ohun mímu àti oorun. Ẹni tó bá ti parí ohun tó bá lọ, kó tètè padà sọ́dọ̀ ará ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tún ibi tí a ti ń gbéra ṣe. Ẹni tó ti kó èésú, tí owó tó yẹ kó dá ṣì kù, kò yẹ kó wọ bàálù láìfi owó náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ṣeé fọkàn tán. Àwọn tó kù ń retí ìgbà tiwọn, ó sì ṣeé ṣe kí ìgbà tiwọn bọ́ sí oṣù tó máa fi wà nílé. Owó tí ẹnì kan bá fi rán wa sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ló ni ín láti ọjọ́ tí a ti gbà á. Kí a má fi ra sìmẹ́ǹtì, kí a ní a ó dá a padà bí oṣù bá parí. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà An-Nisa, ẹsẹ̀ 58, pé kí á dá àwọn ohun tí wọ́n fi ṣọ́ wa padà fún àwọn tó ni wọ́n. Kí á sì kọ wàsíyà wa, ìyẹn ìwé ìhágún, sílẹ̀, kí ìdílé mọ ẹni tí a jẹ ní gbèsè àti ẹni tó jẹ wá.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń bà mí nínú jẹ́ jù nínú ìrìn àjò yìí. Láti ọdún 1986 ni wọ́n ti so ríyàlì mọ́ dọ́là, 3.75 sí dọ́là kan, kò sì yẹ̀. Náírà ni kò dúró. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti tú u sílẹ̀ fún ọjà, owó oṣù kan náà tí à ń gbà ti pọ̀ ní ìlọ́po lójú ará ilé. Wọn kò rí owó ilé, wọn kò sì rí owó tí ìjọba ń gbà lórí ìyàwó àti ọmọ kọ̀ọ̀kan, tó bẹ̀rẹ̀ láti ríyàlì 100 lóṣù ní ọdún 2017 tó sì di 400 ní ọdún 2020. A kò lè bá wọn wí fún ohun tí wọn kò rí. Àwa tí a mọ̀ ọ́n, tí a tún ń yáwó ra aṣọ àti fóònù ká lè dé bí ẹni tó là, àwa ni ìbéèrè wà fún. Al-Kùránì pe àwọn àpà ní ọmọ ìyá àwọn èṣù.

Ẹsẹ̀ tó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ àpà yẹn gan-an nínú Súrà Al-Isra, ẹsẹ̀ 28, ló yẹ kí gbogbo wa há sórí kí a tó lọ. Bí o kò bá ní ohun tí o lè fún ìbátan àti aláìní, tí o ṣì ń retí ìkẹ́ lọ́dọ̀ Olúwa rẹ, sọ ọ̀rọ̀ ìrọ̀rùn fún wọn. Ọlọ́hun ló mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọwọ́ ọmọ ènìyàn máa ṣófo níwájú ẹbí rẹ̀, kò ní kó parọ́, kò ní kó sá pa mọ́, kò sì ní kó kanra. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí lọ́wọ́ mi báyìí, ṣùgbọ́n mo wá kí yín." Mo gbà pé gbólóhùn yìí, tí a bá jókòó sọ ọ́ fún àgbà lójúkojú, níyì ju owó tí a jù sílẹ̀ lójú títì lọ.

Jíjókòó yìí gan-an ló ṣọ̀wọ́n. A ó ti ka ọjọ́ ìsinmi, a ó fi ọ̀sẹ̀ kan dúró ti bíríkìlà, a ó fi òmíràn lọ òde ìyàwó, ìyá wa á sì máa gbọ́ ohùn wa láti iyàrá kejì bí a ti ń dáhùn fóònù. Ẹsẹ̀ 23 nínú súrà kan náà ní bí ọ̀kan nínú òbí wa tàbí àwọn méjèèjì bá dàgbà lọ́dọ̀ wa, a kò gbọdọ̀ ṣíọ̀ wọn. Àgbàlagbà a máa tún ìtàn kan sọ lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹta náà.

Ẹni tí bàbá rẹ̀ ti kú kò bọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Lójú ọ̀nà Mẹ́kà, Abdullahi, sàábé Ànábì tó jẹ́ ọmọ Umar, pàdé ará oko kan. Ó kí i, ó gbé e gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ń gùn, ó sì bọ́ láwàní orí rẹ̀ fún un. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ohun díẹ̀ ti tó fún ará oko. Ó dáhùn pé ọ̀rẹ́ Umar ni bàbá ọkùnrin náà, àti pé òun gbọ́ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé oore tó ga jù ni kí ọmọ máa bá àwọn tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn ṣe pọ̀. Muslim ló gba hádíìsì yìí wá. Ta ni ọ̀rẹ́ bàbá yín tó ṣì wà láyé? Ta ló bá a jókòó ní sáàfù, ìyẹn ìlà ìrun, kan náà? Ẹ wá ilé rẹ̀ lọ. Bí ìbátan kan bá sì wà tí kì í pè yín, Ànábì ní ẹni tó ń san oore padà nìkan kọ́ ni asokùn-ìbí, bí kò ṣe ẹni tí wọ́n já okùn náà sí lọ́wọ́ tó sì tún un so.

Díẹ̀ lórí ọ̀nà: ẹ má fi òru já lu ìyàwó yín láìsọ fún un, Ànábì kọ̀ ọ́, kí obìnrin lè ráyè ṣe irun orí rẹ̀. Bí Ànábì bá dé láti ìrìn àjò, mọ́sáláṣí ló máa ń kọ́kọ́ yà láti kí ráká méjì. Ẹ lè dín ìrun Àyìlá, Aláàsárì àti Ìṣáì kù sí ráká méjì méjì lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wọ ìlú tí ilé àti ìyàwó rẹ̀ wà, kó máa kí i pé. Ẹni tó bá sì ti pinnu láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko ní ìlú mìíràn, ní ìlànà Imam Malik tí ọ̀pọ̀ wa ń tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, kó kí tirẹ̀ pé.

Ó wá ku àwọn ará wa tí kò ní lọ. Òmíràn ń wa ọkọ̀, òmíràn ń ṣiṣẹ́ inú ilé, ọ̀gá òmíràn kò fọwọ́ sí físà rẹ̀, òmíràn kò rí owó bàálù. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbéra. Ẹ gba àdírẹ́sì ìyá wọn, kí ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìyá rí ojú ẹni tó rí ọmọ òun. Àdúrà onírìn-àjò wà lára àwọn àdúrà mẹ́ta tí Ànábì ní Ọlọ́hun máa ń gbà. Bí bàálù bá ti gbéra, tí ẹ ti ka àdúrà ìrìn àjò, Subhānal-ladhī sakhkhara lanā hādhā, ẹ fi orúkọ wọn síwájú tiyín. Kí Ọlọ́hun ṣí ọ̀nà ilé fún wọn kí ìgbà ooru mìíràn tó dé. Àmín.