Ẹ Parí Ohun Tí Ẹ Bẹ̀rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Òwúrọ̀ fún Àwọn Tó Rin Ìrìn Àánú ní Òkè Himalaya

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olùfẹ́ nínú Olúwa. Inú Kọ́ríńtì Kejì, orí 8, ẹsẹ 10 àti 11, ni a ó ti mú ọ̀rọ̀ lónìí, níbi tí Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù ti ń rọ àwọn ará Kọ́ríńtì pé kí wọ́n parí ọrẹ tí wọ́n ti dáwọ́ lé láti ọdún tó ṣáájú fún àwọn aláìní ní Jerúsálẹ́mù. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi ṣèlérí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò tíì parí. Pọ́ọ̀lù kò bú wọn. Ó ní bí wọ́n ṣe múra tán láti fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é parí níwọ̀n ohun tí wọ́n ní.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹsẹ̀ rìn dé ìdí òkè Everest ní ilẹ̀ Nepal, tí àwọn ènìyàn sì tìtorí ìrìn yín ṣèlérí owó fún aláìsàn tàbí ọmọ aláìní. Lukla, níbi tí ọkọ̀ òfuurufú kékeré ti já yín sílẹ̀, ga tó nǹkan bíi 2,850 mítà. Ibùdó tí àwọn tó fẹ́ gun Everest ń pàgọ́ sí ga ju 5,300 mítà lọ, ọ́síjìn tí ènìyàn ń mí níbẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdajì èyí tó wà létí òkun. Ẹni tó bá sáré gòkè, orí lè fọ́ ọ, èébì lè gbé e, omi sì lè kún ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi dúró ní Namche, ìlú kan lójú ọ̀nà, tí ẹ gun òkè díẹ̀ lọ́sàn-án, tí ẹ sì padà wá sùn nísàlẹ̀ lálẹ́, kí ara lè mọ́ ọn. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí àìsàn òkè bá sì mú kí ẹnì kan nínú yín sọ̀kalẹ̀ kó tó débẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní ọ̀lẹ, nítorí ẹ̀mí tí Ọlọ́run fún un ló dá sí.

Ẹ rántí àwọn alábàárù pẹ̀lú. Apẹ̀rẹ̀ ńlá wà lẹ́yìn wọn, okùn pẹlẹbẹ tó gbé e dúró sì gba iwájú orí wọn. Bí ó bá rẹ̀ wọ́n, wọ́n á ti ọ̀pá kúkúrú bọ abẹ́ ẹrù náà kí ó lè gbé e dúró láìsọ̀ ọ́ kalẹ̀, wọ́n á mí díẹ̀, wọ́n á sì tún máa lọ. Àánú tí a ṣe fún ẹni tó jìnnà, tí a wá fi owó iṣẹ́ du ẹni tó ń ru ẹrù wa, kì í ṣe àánú lójú tèmi.

Edmund Hillary àti Tenzing Norgay ló kọ́kọ́ dé téńté Everest, ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1953. Èyí tó wú mi lórí jù ni pé Hillary padà sọ́dọ̀ àwọn Sherpa tó ni ilẹ̀ náà: ilé ẹ̀kọ́ ṣí ní Khumjung ní 1961, ilé ìwòsàn sì tẹ̀ lé e ní Khunde ní 1966.

Nítorí náà, ẹ lọ gba owó tí wọ́n ṣèlérí, ẹ kó o dé ọwọ́ àwọn tó ni ín, ẹ sì ṣírò rẹ̀ fún àwọn tó dá a. Àwọn ará Kọ́ríńtì gbọ́ràn: Róòmù orí 15, ẹsẹ 26, jẹ́rìí pé Akaia, agbègbè wọn, fi inú dídùn dá owó náà.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà.

Bàbá wa ọ̀run, a dúpẹ́ pé o kó àwọn arìnrìn-àjò yìí lọ, o sì ń kó wọn bọ̀. Ẹni tí àìsàn òkè ṣì ń dà láàmú, fọwọ́ ìwòsàn kàn án.

Olúwa, ṣí ọwọ́ àwọn tó ṣèlérí, má sì jẹ́ kí ojúkòkòrò wọ àárín owó aláìní.

Bùkún àwọn alábàárù àti ìdílé wọn, dáàbò bo ẹsẹ̀ wọn lórí yìnyín, kí owó iṣẹ́ wọn sì pé sí wọn lọ́wọ́.

Aláìsàn tí a tìtorí rẹ̀ rìn, jẹ́ kí ìrànlọ́wọ́ yìí bá a láàyè. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.