Orí Híítà Tó Ń Jò: Bí A Ṣe Ń So Páìpù Bàbà Mọ́ Ẹnu Onítírẹ́ẹ̀dì

Ẹ wo orí híítà omi gbígbóná yìí dáadáa. Ṣé ẹ rí ibi tí páìpù bàbà ti wọ ẹnu irin, níbi tí nǹkan aláwọ̀ ewé ti dà pọ̀ mọ́ ìpẹtà pupa? Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn ló ní irú rẹ̀. Wọ́n á pe púlọ́ńbà, púlọ́ńbà á mú sípánà, á fún un le sí i, á gba owó iṣẹ́, á lọ. Kò ní pẹ́, omi á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Kì í ṣe pé ibẹ̀ rọ̀. Irin yẹn ló ń jẹra, fífún tí wọ́n sì ń fún un yẹn kàn ń jẹ́ kó tètè ya ni.

Ẹ káàbọ̀ o. Ohun tí a fẹ́ yanjú lónìí ni bí a ṣe ń mọ fítíìn (ohun kékeré tí a fi ń so páìpù pọ̀) tó yẹ láti fi so páìpù bàbà mọ́ ẹnu híítà, àti bí a ṣe ń dè é tí kò fi ní jò. Ẹ̀yin tí páìpù ilé yín jẹ́ ike, PVC tàbí PPR, látòkè délẹ̀, ẹ má tíì lọ, ọ̀rọ̀ tírẹ́ẹ̀dì, ìyẹn eyín tí wọ́n gé yípo ẹnu páìpù, kàn yín náà. Mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fi PVC lásán gbé omi gbígbóná. Tí omi bá ti ń tó 60 dígírì, ara PVC á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, oríkèé rẹ̀ á sì máa yẹ̀.

Kí ló dé tí irin fi ń jẹra níbẹ̀? Tí bàbà àti irin bá fara kan ara wọn, tí omi sì wà níbẹ̀, iná kékeré kan máa ń ṣàn láàrin wọn gẹ́gẹ́ bó ṣe ń rí nínú bátìrì. Irin ló ń jìyà rẹ̀, òun ló ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ wọnú omi. Ooru sì tún ń jẹ́ kó yára. Àwọn tó ń ṣe híítà mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi ọ̀pá magnesium sínú táǹkì rẹ̀ kí ó lè máa jẹra dípò irin. Àmọ́ ẹ má retí pé ọ̀pá yẹn ló máa gba ẹnu tí ẹ fi bàbà kàn sílẹ̀.

Ohun tó yẹ ni pé kí bàbà má fara kan irin rárá. Àwọn híítà mìíràn ti ní ike nínú nípù wọn (páìpù kúkúrú onítírẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́nu híítà) láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Tí ẹ bá rí i, ẹ má yọ ọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Tí kò bá sí, yúníọ̀n (fítíìn tó ṣeé tú láàrin) kan wà tó ní ike àti rọ́bà láàrin, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ irin, tí apá kejì jẹ́ idẹ tàbí bàbà. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ máa ń dí bí ọdún bá ti ń gorí ọdún, omi táǹkì orí ilé wa kò sì lágbára púpọ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, nípù idẹ tó gùn tó íǹṣì 6 ni mo fẹ́ràn jù. Lóòótọ́, idẹ náà kò jìnnà sí bàbà, àmọ́ ara rẹ̀ nípọn, ó sì ń jẹ́ kí bàbà jìnnà sí irin, ìjẹra náà á wá falẹ̀ gan-an. Ohun kan tún wà: tí ẹ bá lo yúníọ̀n oníke, ẹ má gbọ́kàn lé páìpù pé òun ló ń ṣe ááàtì fún híítà yín, ìyẹn ohun tó ń gbé iná tó bá ṣìnà lọ sínú ilẹ̀. Híítà gbọ́dọ̀ ní wáyà ááàtì tirẹ̀.

Ní àwọn ilé àtijọ́ tó ní páìpù gálífánáìsì (irin tí wọ́n fi síǹkì bò) nínú ògiri, ẹ ṣọ́ra kí omi má ṣe gba inú bàbà kọjá kó tó wọ irin. Bàbà tó bá yọ́ sínú omi á lọ bà sára gálífánáìsì, á sì lu ú ní ihò. Kí irin ṣáájú, kí bàbà tẹ̀ lé e.

Ó wá kan tírẹ́ẹ̀dì. Ibí yìí ni ọjà ti ń dàrú ní Ìbàdàn, torí oríṣi híítà méjì ló ń pàdé níbí. Híítà tuntun tó ń wá láti Yúróòpù tàbí Ṣáínà sábà máa ń lo tírẹ́ẹ̀dì BSP (ìlànà ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), íǹṣì 1/2 ló sì pọ̀ jù. Tòkunbọ̀ tó bá wá láti Amẹ́ríkà ń lo NPT (ìlànà tiwọn), íǹṣì 3/4 ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ní 1/2 àti ní 3/4, eyín 14 ni méjèèjì ní nínú íǹṣì kan, òun ló fà á tí wọ́n fi ń tan èèyàn jẹ, tí wọ́n á dà bíi pé wọ́n gba ara wọn. Ṣùgbọ́n igun eyín BSP jẹ́ dígírì 55, ti NPT jẹ́ 60. Ìbú wọn náà kò dọ́gba: akọ (èyí tí eyín rẹ̀ wà níta) BSP ti 1/2 fẹ̀ tó mìlímítà 20.96, ti NPT jẹ́ 21.34. Ẹ kíyè sí i pé kò sí èyí tó sún mọ́ ìdajì íǹṣì nínú wọn, nítorí náà ẹ má fi rúlà wọn ẹnu híítà kí ẹ wá lọ sọ nọ́ńbà yẹn lọ́jà. Fítíìn àtijọ́ gan-an ni kí ẹ mú lọ sí ọjà Ògùnpa.

Tí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ọwọ́ lásán yí tuntun náà mọ́ ọn, láìwé téépù tí wọ́n ń wé sí tírẹ́ẹ̀dì kí omi má bàa jò. Tí wọ́n bá bára mu, á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́ ní ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó máa le. Tí ó bá há lẹ́yìn bí ìyípo kan àbọ̀, tàbí tó ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀, kì í ṣe òun. Ẹni tó ń tà á lè sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà wé téépù dáadáa sí i, kò ní jò.” Ẹ kí i, kí ẹ dá a padà fún un. Téépù kì í yí igun eyín padà.

Ẹ wo bóyá akọ ni ẹnu híítà yín tàbí abo (èyí tí eyín rẹ̀ wà nínú). Akọ ló pọ̀, nítorí náà fítíìn tó máa gba páìpù bàbà ní apá kan, tó jẹ́ abo onítírẹ́ẹ̀dì ní apá kejì ni ẹ máa béèrè. Ẹ̀yin oní-PVC, ẹ má yí akọ irin sínú abo ike. Yóò sán lọ́jọ́ kan.

Páìpù bàbà náà ní tirẹ̀. Èyí tí wọ́n fi mìlímítà pè, 15 tàbí 22, ìta rẹ̀ ni wọ́n wọ̀n. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní 1/2, ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 15.9, fítíìn kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n (èyí tí nọ́ọ̀tì àti òrùka idẹ ń fún mọ́ páìpù) ti 15 kò sì ní gbà á. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń fi fáìlì ha páìpù kó lè wọlé, ẹ gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣé ká fi iná yọ́ léèdì jó páìpù mọ́ fítíìn ni, àbí ká lo kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n? Ní ẹ̀gbẹ́ híítà, kọ́ńpírẹ́ṣọ̀n ni tèmi, torí ọjọ́ ń bọ̀ tí ẹ máa tú híítà yẹn sílẹ̀. Ẹ fi kọ́tà gé páìpù kí ẹnu rẹ̀ lè gún, ẹ ha etí mímú tó kù níbi tí ẹ gé. Nọ́ọ̀tì ló kọ́kọ́ ń wọlé, kí òrùka idẹ tó tẹ̀ lé e. Ẹni bá gbàgbé nọ́ọ̀tì á tún un ṣe. Ẹ ti páìpù wọlé títí yóò fi dúró, ẹ fi ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì, lẹ́yìn náà kí ẹ fi sípánà fi kún un ní ìyípo kan tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ má wé téépù sí tírẹ́ẹ̀dì nọ́ọ̀tì yìí. Òrùka yẹn ló ń dí omi.

Tó bá jẹ́ jíjó lẹ fẹ́, ẹ má jó o lórí híítà láéláé. Iná á yọ́ ike inú nípù àti páìpù ike tó ń gbé omi tútù lọ sí ìsàlẹ̀ táǹkì. Ilẹ̀ ni kí ẹ ti jó fítíìn mọ́ páìpù, kí ó tutù, kí ẹ tó wá yí i mọ́ ẹnu híítà. Léèdì tí àwọn alátùn-únṣe rédíò ń lò sábà máa ń ní òjé nínú, ẹ má fi í sójú omi tí ẹ ń fi sè nǹkan. Láti 1986 ni òfin Amẹ́ríkà ti lé òjé kúrò nínú irú iṣẹ́ yìí.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ pa bírékà híítà. Ẹ má sọ pé kò sí NEPA lọ́wọ́lọ́wọ́. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Ẹ pa omi tútù, ẹ ṣí ẹnu omi gbígbóná, kí ẹ jẹ́ kó dà.

Ẹ nu tírẹ́ẹ̀dì mọ́. Ẹ kọjú ẹnu rẹ̀ sí ara yín, kí ẹ wé téépù bí ọwọ́ aago ṣe ń lọ, márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ fi eyín àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìhòòhò kí téépù má bàa já wọnú omi. Tí ẹ bá wé e sódì, bí ẹ ṣe ń yí fítíìn wọlé ni téépù á máa tú. Ẹ fọwọ́ yí i títí yóò fi le, kí ẹ wá fi sípánà fi kún un ní ìyípo kan sí méjì. Sípánà méjì ló yẹ kó wà lọ́wọ́ yín, kí ọ̀kan di nípù híítà mú, kí èkejì yí fítíìn. Ẹni tó bá fi ẹyọ kan ṣe é lè fi nípù náà ya ara táǹkì. Hóòsì onírọ́bà tó ní wáṣà nínú nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò nílò téépù ní tirẹ̀.

Lórí omi tútù, ẹ má gbàgbé fáàfù ààbò, èyí tó sábà máa ń ṣí tí agbára omi bá dé 7 tàbí 8 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára omi). Ẹnu kékeré tó wà lára rẹ̀, ẹ má dí i. Omi 50 líítà tó gbóná láti 20 dé 70 dígírì á fi nǹkan bíi líítà kan pọ̀ sí i, ibẹ̀ ló sì ń gbà jáde. Tó bá ń kán nígbà tí iná wà lórí, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi fítíìn yín.

Ẹ ṣí omi kó kún, ẹ dúró ti ẹnu omi gbígbóná títí tí kò fi ní máa tu afẹ́fẹ́ jáde mọ́, kí ẹ tó tan bírékà. Títan iná sí híítà tí kò ní omi nínú a máa jó kọ́ìlì.

Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo oríkèé, kí ẹ sì fi tíṣù rọra nu ún. Táǹkì tó ga ní mítà 4 kò fún omi ju 0.4 bar lọ, fítíìn tí kò dáa lè máa farapamọ́ lábẹ́ irú agbára yẹn. Ẹ padà wò ó lẹ́yìn tí híítà bá ti gbóná, tó sì tún ti tutù. Tí omi bá ṣì ń rin tíṣù níbi oríkèé, ẹ má kàn fi sípánà fún un le lórí téépù tó wà níbẹ̀. Ẹ pa iná, ẹ pa omi, ẹ tú u, ẹ ha téépù àtijọ́ kúrò, kí ẹ wé tuntun.