Rìhásà Lójú Ayàwòrán

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí tẹ́ ẹ bá wọn wá, mo kí yín. Bí a ṣe ń ya àwọn olórin níbi rìhásà, ìyẹn ìfidánrawò orin, la fẹ́ sọ. Ẹ wo àwòrán tó wà lára ògiri yìí. Edgar Degas ló yà á ní Paris ní nǹkan bí ọdún 1870. Musée d'Orsay, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní Paris, ni ojúlówó rẹ̀ wà báyìí. Àwọn olórin ilé ọpẹrà ló jókòó sísàlẹ̀ pèpéle. Désiré Dihau, ọ̀rẹ́ Degas, lẹ ń rí níwájú tó ń fọn bàsúùnù, fèrè onígi gígùn kan. Kì í ṣe ibẹ̀ ni afọnbàsúùnù máa ń jókòó. Degas ló fà á wá síwájú. Ó tún mú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí kì í ṣe ara ẹgbẹ́ náà, ó fi wọ́n sáàárín àwọn olórin. Àwọn oníjó tó wà lókè ńkọ́? Ó gé wọn lórí! Ara, yẹ̀rì àti ẹsẹ̀ ló kù.

Àwọn kan á ní irọ́ ló yà. Èmi ò gbà. Ẹni tí kò bá jókòó ti olórin pẹ́ kò lè ya bí Dihau ṣe di bàsúùnù yẹn mú. Ohun tó rí ló fún un láṣẹ láti fi tinú rẹ̀ kún un.

Rìhásà gan-an ni John Singer Sargent yà ní tirẹ̀, ní nǹkan bí 1879. Gbọ̀ngàn eré sẹ́kọ́ọ̀sì (eré apanilẹ́rìn-ín àti ẹranko) kan ní Paris, Cirque d'Hiver, ni Jules Pasdeloup ti ń darí ẹgbẹ́ rẹ̀. Nínú èyí tó wà ní Boston, dúdú, funfun àti àwọ̀ eérú ló gbilẹ̀. Kò sí ojú tẹ́ ẹ lè dá mọ̀. Ìwé orin tó ń funfun, ẹ̀wù dúdú àti ohun èlò ló kún ibẹ̀. Ó tún ya òmíràn tó fi àwọn apanilẹ́rìn-ín síwájú. (Ilé wọn kúkú ni.)

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rìhásà ju òde àṣehàn lọ ni pé adarí máa ń dá wọn dúró. “Ẹ padà sí lẹ́tà D!” (Àmì inú ìwé orin nìyẹn.) Apá gbogbo onífáyólínì á tún gòkè lẹ́ẹ̀kan náà, bí ọkọ́ àwọn aláàárò. Ẹ má lépa apá náà. Ẹ dúró dè é níbi tó ti máa ń ṣẹ́rí padà. Ẹ kọ́kọ́ ya sẹ́lò, ohun èlò olókùn tó dà bí fáyólínì ńlá, torí ó fẹsẹ̀ irin múlẹ̀. Onítìròńbóònù, ìyẹn ẹni tó ń fọn fèrè idẹ ńlá, tó ń ka iye ìgbà tó kù kó bẹ̀rẹ̀ sí í fọn, á jókòó jẹ́ẹ́. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ya ojú rẹ̀.

Bí orin bá wá gbé ọkàn yín lọ, tí pẹ́ńsù bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹṣin tí kò sí nínú gbọ̀ngàn, ẹ má ṣí ewé tuntun. Ẹ jẹ́ kí ẹṣin náà gba àárín àwọn olórin kọjá, kí eré rẹ̀ tẹ̀lé apá tó ń lọ tó ń bọ̀ yẹn. Ẹ tún wo Degas: orí báàsì ńlá nì, ohun èlò olókùn tó ga bí ènìyàn, yọ sókè, ó wọ àárín àwọn oníjó lọ.

Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ adarí kẹ́ ẹ tó wọ ibi rìhásà. Pẹ́ńsù tó rọ̀ ni kẹ́ ẹ mú; èyí tó le máa ń ha létí. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ṣí ewé, ẹ jẹ́ kí ìlù àti fèrè idẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún ná.