Kádàrá: Ìwọ̀n Tó Wà Lára Ewé àti Afárá Oyin

Assalaamu alaykum warahmatuLlaahi wabarakaatuh, ẹ̀yin ará mi.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa: kádàrá. Bí òwò bá forí ṣánpọ́n, kádàrá ni. Bí ẹni wa bá kú, kádàrá ni. Ìgbà tí nǹkan bá bàjẹ́ nìkan la máa ń rántí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, inú èdè Lárúbáwá la ti yá a, ìwọ̀n sì wà nínú ìtumọ̀ rẹ̀ níbẹ̀. Ọlọ́hun sọ nínú Súrà Al-Qamar, àáyà 49, pé gbogbo nǹkan ni Òun dá pẹ̀lú "qadar": pẹ̀lú òṣùwọ̀n, kò lé, kò dín. Mo fẹ́ ká fojú ara wa rí i lónìí.

Ẹ mú odindi ọ̀pẹ òyìnbó kan lọ́wọ́, kí ẹ wo àwọn ojú ara rẹ̀ dáadáa. Wọ́n tò ní ìlà tó dagun; àwọn kan ń yí gòkè lọ sápá ọ̀tún, àwọn kan ń yí gòkè lọ sápá òsì. Ẹ fi yíǹkì sàmì síbi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, 8 lẹ ó bá lápá kan, 13 lápá kejì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un kà, mo rò pé mo ṣì í kà ni. Subhaanallaah ni mo ń wí ṣáá.

Ìtò kan ni 8 àti 13 yẹn ti wá, níbi tí a ti ń ro méjì tó ṣáájú pọ̀ ká tó rí èyí tó kàn: 1, 1, 2, 3, 5, 8, 13, 21, 34, 55. Ará Ítálì tí wọ́n ń pè ní Fibonacci kọ ọ́ sínú ìwé ní 1202. Nílẹ̀ Mùsùlùmí, ní Béjaïa tó wà ní Àljíríà òde òní, ló ti kọ́ nọ́ńbà tí gbogbo wa ń lò yìí nígbà èwe rẹ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ ewéko, bí ewé tuntun bá fẹ́ yọ, kì í yọ sórí ti ìṣáájú gan-an. Á yí kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bíi dígírì 137.5, èyí tó tẹ̀ lé e á tún yí bẹ́ẹ̀. Òun ni ewé kan kì í fi í bo ìkejì mọ́lẹ̀, tí oòrùn fi ń kàn wọ́n. Súrà Al-An'ām, àáyà 59, ní ewé kan kò ní já bọ́ àfi kí Ọlọ́hun mọ̀. Ibi tó ti máa yọ náà ní ìwọ̀n lọ́dọ̀ Rẹ̀.

Àmọ́ o, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Kì í ṣe gbogbo ewéko ló ń tò bẹ́ẹ̀. Òdòdó olójú mẹ́rin pọ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀ 4 kò sí nínú ìtò Fibonacci yẹn. Àwọn kan tilẹ̀ ń pín in kiri pé irú ìṣirò yìí ló sọ ibi tí Káábà wà. Ẹ má bá wọn pín in. Òtítọ́ Ọlọ́hun kò fẹ́ kí á fi irọ́ gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ wá wo oyin. Nínú òkùnkùn ló ti ń mọ ilé rẹ̀, yàrá kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ 6. Nínú àwọn àwòrán tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ àti igun wọn dọ́gba, mẹ́ta péré ló lè tò pọ̀ láìfi àlàfo sílẹ̀: onígun 3, onígun 4 àti onígun 6. Onígun 6 ló ń gba ìda tó kéré jù fún àyè kan náà. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti fura sí i; 1999 ni Thomas Hales, ará Amẹ́ríkà, tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn délẹ̀. Súrà An-Nahl, àáyà 68, sì ti sọ fún wa pé Olúwa ló fi mọ oyin pé kó kọ́lé.

Látọjọ́ tí mo ti ka ojú ọ̀pẹ òyìnbó yẹn, mi ò lè gbọ́ kádàrá mọ́ bíi pé òkúta kan ló já lu ènìyàn lójijì. Ìwọ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, Ẹni tó wọn igun ewé ló wọn ọjọ́ ẹni tó lọ.

Ara tiwa náà ní kíkà. Nínú hádíìsì tí Imaamu Muslim gbà wá, Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ pé oríkèé 360 ni a fi dá ọmọ Ádámọ̀. Sàárà sì wà lórí oríkèé kọ̀ọ̀kan láràárọ̀: subhaanallaah kan, sàárà ni, alhamdulillaah kan, sàárà ni, rákà méjì ìyálẹ̀ta sì tó fún gbogbo rẹ̀. Ẹ ki méjì yẹn lónìí, kí ẹ tó múra mọ́sálásí.