Yàrà Ni Ká Kọ́kọ́ Gbẹ́, Ká Tó Gbin Igi Sórí Òkè

Ẹ wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè yìí, nítòsí Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Òkè sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n kọ ebè rẹ̀, ni poro bá di ojú àgbàrá. Bí ẹ bá gbin igi síbẹ̀ lónìí, àgbàrá ni yóò hú u. Yàrà ló ń dá omi dúró fún ọdún 2 sí 3 àkọ́kọ́, kí gbòǹgbò tó di ilẹ̀ mú.

Láti mọ ìlà tí yàrà yóò gbà dábùú òkè lọ́gbọọgba, ẹ mú igi 2, mítà 2 níkọ̀ọ̀kan. Ẹ so orí wọn pọ̀, ẹ la ẹsẹ̀ wọn ní mítà 2, kí ẹ fi igi kẹta dábùú àárín. Ẹ so okùn tó ní òkúta nídìí mọ́ orí rẹ̀. Ẹ gbé e nà, ẹ sàmì síbi tí okùn ti kan ìdábùú; ẹ pààrọ̀ ipò ẹsẹ̀ méjèèjì, ẹ tún sàmì. Agbedeméjì àmì 2 yẹn ni ọgbọọgba. Ẹ máa fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ilẹ̀ lọ, kí okùn máa bọ́ sí agbedeméjì yẹn, ẹ máa kan èèkàn. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́, ẹ ní sùúrù: òkúta tó ń mì a máa purọ́.

Fún ìlà tó kàn lókè, ẹ dúró sórí ti ìsàlẹ̀, ẹ dá ìgò tí omi dé ìdajì rẹ̀ dùbúlẹ̀ síwájú ojú yín, ẹ wò lójú omi náà. Ibi tí ojú yín bá kan ilẹ̀ ni ìlà kejì, ó máa ga tó mítà 1.5.

Láti òkè wá sísàlẹ̀ ni kí ẹ máa gbẹ́ ẹ. Bí ẹ bá fi ti ìsàlẹ̀ ṣáájú, omi òkè yóò fọ́ ọ. Yàrà náà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, ó jìn ní 50. Ẹ da ilẹ̀ rẹ̀ sí apá òkè bí ebè, kí ẹ fi àyè ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ láàárín ebè àti yàrà kó má baà ya padà. Fanya juu ni àwọn àgbẹ̀ Machakos ní Kẹ́ńyà ń pè é. Ní gbogbo mítà 5, ẹ fi ìdè ilẹ̀ sílẹ̀ nínú yàrà, kí omi má sáré lọ gba ojú kan. Níbi tí ebè bá ti rẹlẹ̀ ní ìka 4 péré ni gbogbo omi yóò gbà fọ́ ọ.

Ẹ gbin koríko vetiver sórí ebè, sẹ̀ǹtímítà 15 síra. Nígbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún sí Kẹfà, ẹ gbẹ́ ihò igi ní sẹ̀ǹtímítà 40, mítà 3 síra, ní apá ìsàlẹ̀ yàrà. Ẹ ya ọ̀rá ìdí igi kúrò. Gbòǹgbò tó bá ti lọ́ pọ̀ nídìí, ẹ gé e. Ilẹ̀ dúdú ni kó kọ́kọ́ padà sínú ihò.

Kajú, afàrà àti agunmániyè dára. Ẹ má gbin tíìkì nìkan o! Ewé rẹ̀ tó fẹ̀ a máa kó omi jọ, a sì já bọ́ ní ẹ̀kán ńláńlá tó ń gbẹ́ ilẹ̀, pàápàá bí wọ́n bá ti sun abẹ́ rẹ̀. Ẹ má sun tiyín.

Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá ti dá, ẹ gbé ṣọ́bìrì, kí ẹ rin gbogbo ìlà náà já.